Ọyẹ́ àti Ohun Ọ̀sìn ní Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921, a ròyìn bí wọ́n ṣe pín ogún láàrin àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà: owó ẹyọ kan Ọba Ìbíní, àwọn ìyàwó kan Ọ̀ràngún Ìlá, ìlẹ̀kẹ̀ kan Olúpópó, aṣọ kan Olówu, adé kan Alákétu, ilẹ̀ nìkan ni ó sì ṣẹ́kù fún Ọ̀rànmíyàn. Ohun tí ó kan Oníṣábẹ̀ẹ́, ọba ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ìjọba Benin ń kọ ní Savè lónìí, ni ẹran ọ̀sìn. Kò sí òpìtàn tí yóò fi irú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ yìí ka iye màlúù tí ó wà ní ààfin Ṣábẹ̀ẹ́ láyé àtijọ́, nítorí pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń pa á, ire Ọ̀yọ́ ni ó sì ń wá. Síbẹ̀, ó fi hàn gbangba pé ní ojú àwọn Yorùbá tí ó wà ní ìlà-oòrùn, Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ilẹ̀ tí ẹran ti ń jẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń sin ẹran ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é láìmọ ohun tí ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ń ṣe sí ẹran, pàápàá ìgbà ọyẹ́, tí òtútù, eruku àti gbígbẹ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ̀ yẹn, àti bí ó ṣe yí padà láti ayé àwọn baba ńlá títí dé ayé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Ìjọba pín agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ sí ẹ̀ka mẹ́jọ, Bessé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn méje yòókù ni Adido, Boni, Kaboua, Ofè, Okpara, Plateau àti Sakin. Agbègbè náà wà ní ìpínlẹ̀ Collines, èyí tí a yọ lára ìpínlẹ̀ Zou ní ọdún 1999. Odò Wẹ̀mẹ̀ ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, odò Òkpárá sì ń ṣàn ní ìlà-oòrùn, níbi tí ó ti di ààlà Benin àti Nàìjíríà. Láàrin odò méjèèjì ni ilẹ̀ ọ̀dàn wà, èyíinì ni ilẹ̀ koríko tí igi wà káàkiri inú rẹ̀, bí igi apá, igi òrí àti ọ̀gánwó, àti àwọn òkè àpáta ńláńlá tí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ sá gùn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún nígbà tí ogun Dàhòmì ń lé wọn. Àpáta yìí kan náà ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi gbogbo, kì í sì í gba omi dúró púpọ̀, nítorí náà bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí àwọn odò kéékèèké sì gbẹ, omi kànga a lọ sílẹ̀, omi tí ènìyàn yóò mu a sì di ohun tí a ń wá kiri kí a tó ro ti ẹran.

Ipò ilẹ̀ náà láàrin gúúsù àti àríwá tún mú kí òjò rẹ̀ ṣòro mọ̀. Ní gúúsù Benin, òjò máa ń rọ̀ nígbà méjì láàrin ọdún, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún. Ní àríwá, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni ó wà. Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, tí ó fi jẹ́ pé ìsinmi oṣù Ògún máa ń hàn ní ọdún kan, kí ó sì má fi bẹ́ẹ̀ hàn ní ọdún mìíràn. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan sún mọ́ ìwọ̀n mìlímítà 1,100. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti mọ bí ibi yìí ti ṣe pàtàkì tó, nítorí pé Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ńlá mẹ́fà tí a ti ń wọn ojú ọjọ́ ní Benin, àti pé ní oṣù Òkúdù àti oṣù Agẹmọ ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Ṣábẹ̀ẹ́, Ilé-Ifẹ̀ àti Kumasi lábẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tí a ń pè ní DACCIWA, láti mọ ìdí tí ìkùukùu fi máa ń rọ̀ sílẹ̀ lóru ní ìgbà òjò, tí yóò sì bo ojú ọ̀run títí oòrùn yóò fi ga. Ìkùukùu yẹn ni ó ń jẹ́ kí ara ẹran balẹ̀ ní àárín ìgbà òjò. Ohun tí ń yọ ẹran lẹ́nu nígbà náà ni ẹrẹ̀, aràn inú, àti eégbọn tí ń mu ẹ̀jẹ̀, ooru kọ́.

Nǹkan a yí padà bí àrọ̀kúrò, ìyẹn òjò ìkẹyìn ọdún, bá ti lọ ní òpin oṣù Ọ̀wàrà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ oṣù Èrèlé, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó gba ojú ọ̀run, tí ó ń gbé eruku tí ó tinrin wá láti ọ̀nà jíjìn, títí dé apá ilẹ̀ Chad. Òtútù òwúrọ̀ lè mú ìwọ̀n ooru bọ́ sí nǹkan bí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ọ̀sán ọjọ́ kan náà sì gun òkè kọjá 30, afẹ́fẹ́ a sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ènìyàn fi ń là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kánádà, níbi tí ọmọ Yorùbá púpọ̀ ti ń sin ajá àti ológbò báyìí, yìnyín àti òtútù ni oníṣègùn ẹranko máa ń kìlọ̀ fún ènìyàn nípa rẹ̀ bí igi bá ti ń wọ́wé, wọ́n sì máa ń kó màlúù wọ ilé fún oṣù púpọ̀, tí wọn yóò máa bọ́ wọn ní koríko tí a ti sá gbẹ. Òtútù ọyẹ́ kò tó èyí tí ó lè pa ẹran tí ara rẹ̀ le. Gbígbẹ ni ewu rẹ̀: ó ń mú kí awọ tí ó bo inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ẹran gbẹ, èyí tí ó yẹ kí ó tutù kí ó lè máa dá kòkòrò àìfojúrí dúró, ó sì ń ṣe èyí ní àkókò kan náà tí oúnjẹ àti omi ń dín kù. Ẹran tí ebi ń pa, tí imú rẹ̀ sì ti gbẹ, ni àrùn ń rí gbé ṣe.

Ètò tí àwọn àgbà ṣe fún ewúrẹ́ àti àgùntàn kò jẹ́ ti inú ilé nìkan, ó bá ètò oko mu. Ewúrẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetsé ń gbé kiri, èyí tí ń pa ẹran ilẹ̀ gbígbẹ bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù. Láti ìgbà tí àkọ́rọ̀, òjò àkọ́kọ́ ọdún, bá ti rọ̀, tí iṣu àti àgbàdo sì ti ń hù ní oko etílé, wọn a so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n sé e mọ́ àgbàlá, wọn a sì máa já ewé wá fún un. Bí ìkórè bá ti parí, wọn a tú u sílẹ̀, a sì máa jẹ kiri lórí ilẹ̀ oko tí a ti kórè, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pè é ní olè. Àṣà ìjẹ̀kiri lẹ́yìn ìkórè yìí lágbára débi pé nígbà tí ìjọba Benin ṣe òfin 87-013 ní ọjọ́ 21 oṣù Owérè ọdún 1987, òun ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú àkọlé òfin náà, kí wọ́n tó dárúkọ ṣíṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti dída ẹran láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ kejì.

Títú ewúrẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ní ọgbọ́n nínú, nítorí pé ẹran tí ó wà lómìnira lè wá ewé tútù tí ó kù sí ìsàlẹ̀ odò fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ bu ọ̀rá fún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ oko kì í tó, ilé ni ó sì ń dí àlàfo náà. Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ jẹ́ ilẹ̀ iṣu, èèpo iṣu ni ó sì kọ́kọ́ di oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn fún ewúrẹ́. Lẹ́yìn tí gbágùúdá gbilẹ̀, èèpo rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn. Èèpo gbágùúdá tútù ní oró nínú, ó sì lè pa ewúrẹ́ tí ó bá jẹ ẹ́ yó. Bí a bá sá a sí oòrùn tí ó gbẹ dáadáa, oró náà a dín kù gan-an. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tí ń gba koríko lẹ́nu ẹran ni ó tún ń sọ èèpo di ohun jíjẹ fún un. Wọn a tún kó ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà jọ lẹ́yìn ìkórè, wọn a sì gbé e sórí àjà tàbí orí igi, níbi tí òjò àrọ̀kúrò àti ẹnu ewúrẹ́ kò ti ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdílé tí ó bá gbàgbé èyí a máa ra ewé lọ́jà kí oṣù Ẹrẹ́nà tó dé.

Lálẹ́, inú ilé ni ẹran kékeré ń sùn. Agbo ilé àtijọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a fi amọ̀ mọ, tí òrùlé rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò fi lè fẹ́ wọlé tààrà, ibẹ̀ ni wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀ oṣù Ọ̀pẹ yóò rí i pé ewúrẹ́ kì í dúró sí ibi tí a so ó mọ́ bí ó bá ti rí okùn já: ẹ̀gbẹ́ àárò ni yóò wà, lórí eérú tí iná alẹ́ àná mú gbóná, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ká ara wọn jọ mọ́ ọn lábẹ́ ikùn. Kò sí ẹni tí ń lé wọn. Èéfín àárò ń lé ẹ̀fọn àti eṣinṣin, eérú náà sì ń dín iná ara kù, tó fi jẹ́ pé ohun tí ó dà bí ìwà ọ̀lẹ ìyá ilé jẹ́ ìtọ́jú tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Ẹran tí awọ rẹ̀ bá ń là nítorí ọyẹ́ a máa jẹ nínú òrí tàbí àdín tí àwọn ọmọ ilé ń fi para.

Àṣà mìíràn tí ó ran ìdílé lọ́wọ́ ní ìgbà líle ni àgbàsìn. Àgbàsìn ni ẹran tí olówó rẹ̀ gbé fún ẹlòmíràn pé kí ó máa bá òun sìn, tí àwọn méjèèjì yóò sì máa pín ọmọ tí ẹran náà bá bí. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa àgbàsìn sábà máa ń wò ó bí ọ̀nà tí tálákà fi ń di ẹni tí ó ní ẹran, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kejì tí kò yẹ kí a fojú fò: ẹni tí ó bá ní adìẹ ogún sí ilé kan ṣoṣo lè pàdánù gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ẹni tí ó pín wọn sí abúlé mẹ́ta yóò rí nǹkan tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí àwọn àgbà ní láti dáàbò bo ohun ìní wọn kúrò lọ́wọ́ àrùn tí kò gbóògùn.

Àrùn náà ni lúkúlúkú, òun ni ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ adìẹ gba ibi tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Adìẹ ìbílẹ̀ kò náni ní nǹkan kan: a máa tú ilẹ̀ jẹ, a sì máa sùn sórí igi tàbí nínú ilé adìẹ kékeré tí a fi amọ̀ mọ, ìyá adìẹ tí ó bá ní ọmọ ni a ń fi àgò dé, ìyẹn agbọ̀n ńlá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kí àṣá má baà gbé ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tí igi ti wọ́wé tán. Awó ilé, tí àwọn Bàrùbá àríwá fẹ́ràn láti máa sìn, tilẹ̀ máa ń dáwọ́ ẹyin yíyé dúró bí òjò bá ti lọ, kò sì ní yé mọ́ títí àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, adìẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ a di aláwọ̀ ewé, ọrùn àwọn kan a lọ́ pọ̀, wọn a máa yí ká ojú kan, àti pé láàrin ọjọ́ díẹ̀, ohun tí ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lè ti kú ní agbo ilé tí àrùn náà kò tíì dé rí.

Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn náà ní ọdún 1926, ní erékùṣù Java àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kejì yìí ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé ìwádìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni láàrin oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1952 àti oṣù Èrèlé ọdún 1953, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ìyẹn ni pé inú ọyẹ́ gan-an ni. Kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan ni ó fà á. Oṣù Ọ̀pẹ ni oṣù Kérésìmesì àti ọdún tuntun, nígbà tí gbogbo ilé ń wá adìẹ tí wọn yóò pa. Alájàpá a máa gba abúlé dé abúlé, a máa kó adìẹ láti ogún ilé sínú agbọ̀n kan, èyí tí kò bá tà ní ọjà a sì padà sílé pẹ̀lú àrùn tí ó kó lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ojú ọ̀nà irú òwò yìí láti ìgbà tí ojú irin tí ó ti Kútọnú wá dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911. Òun ni ó jẹ́ òpin ojú irin náà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, kí wọ́n tó nà án dé Parakou. Ojú irin àti ọ̀nà mọ́tò sọ adìẹ oko di adìẹ tí ará ìlú ń jẹ, wọ́n sì mú kí àrùn rìn jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ alájàpá lè dé lọ.

Àwọn ìyá ilé ní oògùn tiwọn. Wọn a rẹ èèpo ọ̀gánwó sínú omi tí adìẹ ń mu títí omi yóò fi pọ́n tí yóò sì korò, tàbí kí wọ́n gún ata mọ́ epo pupa fún un jẹ. Títí di òní, ọ̀nà méjèèjì ṣì wọ́pọ̀ ní Benin, Tógò àti Nàìjíríà. Èèpo ọ̀gánwó wúlò fún inú adìẹ, ó sì lè ran èyí tí kò ṣàìsàn púpọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa kòkòrò lúkúlúkú. Ìgbésẹ̀ tí ó yí ọ̀ràn náà padà ni àjẹsára I-2, tí Peter Spradbrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ní ẹ̀wádún tí ó kẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àǹfààní rẹ̀ fún abúlé ni pé kò tètè bàjẹ́ nínú ooru bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, a sì lè kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ojú adìẹ láìlo abẹ́rẹ́, kí a sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin.

Ajá kò gba ibi púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìgbà. Ajá ọdẹ ni ó pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ìgbà iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n ń finá sí igbó tí ẹran ìgbẹ́ ń jáde. Iná àti ẹ̀gún ń pa á lẹ́sẹ̀ lára, ọdẹ a sì fi òrí tọ́jú rẹ̀ kí ó tó sùn. Ní ìgbà òjò, eégbọn ni ọ̀tá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màlúù gùn ju ti ajá lọ, ó sì mú wa padà sí ogún Oníṣábẹ̀ẹ́. Ìran ọba tí ó wà lórí oyè ní Ṣábẹ̀ẹ́ tọpa orírun wọn lọ sí Borgú, ilẹ̀ àwọn Bàrùbá, níbi tí àwọn Fúlàní ti jẹ́ olùtọ́jú màlúù láti ìgbà pípẹ́, kò sì yani lẹ́nu pé àṣà kan náà wà ní Ṣábẹ̀ẹ́: ọmọ onílé ni ó ni màlúù, Fúlàní tí ń gbé ní gáà, ìyẹn ibùdó darandaran lẹ́yìn ìlú, ni ó ń dà á, a sì máa fi wàrà àti ìpín tí wọ́n bá jọ fohùn sí san án fún wàhálà rẹ̀. Wàrà yẹn ni obìnrin Fúlàní fi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú dì, tí ó sọ di wàgàsì tí a ń tà lọ́jà ní Benin; ọjà wàgàsì ni ènìyàn sì lè fi mọ bí ẹ̀ẹ̀rùn ti le tó, nítorí pé bí koríko bá ti gbẹ, wàrà a dín kù, wàgàsì a sì wọ́n.

Ìṣòro darandaran ní ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣẹlẹ̀ nítorí àìsí omi nìkan. Ní ìgbà òjò, eṣinṣin tsetsé ń fọ́n káàkiri ọ̀dàn; nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òun náà kò lè fara dà á, a sì sá lọ sí abẹ́ igi tí ó wà létí Wẹ̀mẹ̀ àti Òkpárá. Ibẹ̀ náà ni omi kù sí. Màlúù tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi ń bọ́ sọ́wọ́ eṣinṣin tí ó ti kóra jọ dè é, nítorí náà ni àwọn ẹran ilẹ̀ Borgú, tí ó jẹ́ àdàlù màlúù kúkúrú ilẹ̀ yìí àti màlúù oníké ti àríwá, fi níye lórí ju èyí tí ó tóbi jù wọ́n lọ: wọ́n lè fara da àrùn náà dé ìwọ̀n kan. Fúlàní tí ó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹran pẹ́ létí odò. Bí koríko bá tán pátápátá, a máa gun igi apá tàbí ọ̀gánwó, a sì gé ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹran, nítorí pé ewé apá máa ń tutù nígbà tí gbogbo koríko ti jóná. Ìṣe yìí gba ọ̀pọ̀ màlúù là, ó sì ti ba igi apá jẹ́ ní agbègbè náà, òótọ́ méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ sọ pa pọ̀.

Ní àyíká ọdún 1890 sí 1892, àrùn màlúù kan tí ó ti ìlà-oòrùn Áfíríkà wá, tí a ń pè ní rinderpest, pa agbo ẹran run kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn Fúlàní tí ó sì jẹ́ pé màlúù nìkan ni wọ́n ní di aláìní lọ́jọ́ kan. Láti ìgbà náà ni ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ti gba ọ̀rọ̀ àrùn ẹran sọ́wọ́: Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìwádìí Vom sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1924, Faransé sì ní ẹ̀ka ìjọba tirẹ̀ tí ń bójú tó ẹran àti àrùn ẹran ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ètò àjẹsára ńlá tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962 láti àgbègbè adágún Chad, ní ọdún 2011 ni wọ́n sì kéde pé rinderpest ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn tí ń gún abẹ́rẹ́ sábà máa ń wá, nítorí pé ọ̀nà gbẹ nígbà náà, ẹran sì ti kóra jọ sí ibi omi.

Bí rinderpest ti ń lọ, àbúrò rẹ̀ tí ń pa ewúrẹ́ ń hàn sí i. Ní ọdún 1942, àwọn oníṣègùn ẹranko Faransé méjì, Gargadennec àti Lalanne, ṣàpèjúwe àrùn kan ní Côte d'Ivoire tí ń mú imú ewúrẹ́ ṣàn, tí ń ṣe ẹnu rẹ̀ ní egbò, tí ó sì ń fi ìgbẹ́ gbuuru pa á. Ní Nàìjíríà, kátà ni àwọn ènìyàn ń pè é, orúkọ yẹn ni àwọn onímọ̀ sì lò nínú ìròyìn tí wọ́n kọ ní ọdún 1967. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ń yí, nínú ọyẹ́ tàbí nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ni ó máa ń jà jù. Kòkòrò tí wọ́n rí gbà lára ewúrẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1975 ni wọ́n sọ di àjẹsára tí a ń lò káàkiri ayé láti ọdún 1989 wá, nítorí náà a kò lè sọ pé ewúrẹ́ ilẹ̀ yìí kò dá sí ìmọ̀ ayé. Ní Abidjan ní ọdún 2015, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, àti àjọ ìlera ẹranko àgbáyé fi ọdún 2030 ṣe òpin tí wọ́n fẹ́ fún kátà.

Òfin kò yára tó abẹ́rẹ́. Dída ẹran láti Niger àti Nàìjíríà wá sí àfonífojì Wẹ̀mẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ti di ńlá lẹ́yìn ọ̀dá àwọn ọdún 1970, ó sì bọ́ sí àkókò tí iṣu kẹ́yìn-ọdún ṣì wà nínú ilẹ̀, tí owú kò sì tíì kúrò lóko tán, ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ láàrin àgbẹ̀ àti darandaran. Àjọ ECOWAS ṣe ìpinnu kan ní Abuja ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1998 pé kí darandaran ní ìwé ìrìnnà àti ẹ̀rí àjẹsára kí ó tó kọjá ààlà. Benin ṣe òfin darandaran tuntun ní ọdún 2019, ó sì kéde ní ìparí ọdún kan náà pé agbo ẹran láti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ìkéde yẹn rọrùn láti gbé jáde ju láti mú ṣẹ lọ, nítorí pé Òkpárá kì í dá màlúù dúró ní oṣù Èrèlé.

Nínú gbogbo ohun tí a ti là kọjá yìí, àárò tí ó gbóná, àgò adìẹ, èèpo iṣu tí a sá àti ẹran àgbàsìn ṣì ń ṣe iṣẹ́ wọn ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lúkúlúkú àti kátà kò gbọ́ èdè ìkankan nínú wọn. Àjẹsára gbọ́dọ̀ ti wà lára adìẹ àti ewúrẹ́ ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ kí àrọ̀kúrò tó lọ, nígbà tí ara wọn ṣì le tí oúnjẹ sì ṣì wà, nítorí pé èyí tí a bá fún wọn lẹ́yìn tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ ti pẹ́ jù. Kí àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn ẹranko ní oṣù Owérè, kí àwọn tí ń bójú tó agbègbè náà sì rí i pé ó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bèèrè.